Fọ́tò Ojúde Ọba àti ìwé ìbúra pé mi ò lówó

Ìbéèrè tí ọmọbìnrin náà bi mí kò le rárá. Ó ní, “Mà, èló ló ń wọlé fún yín lóṣù?” Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ilẹ̀, mo tún ọ̀pá tí mo fi ń rìn gbé ti ògiri dáadáa, mi ò rí nǹkan kan sọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Láti kékeré la ti mọ̀ pé èèyàn kì í ka owó rẹ̀ lójú àlejò. Bó bá pọ̀, olè á gbọ́. Bó bá kéré, ọ̀tá á gbọ́, èyí sì burú ju ti olè lọ.

Ọ́fíìsì Legal Aid Council, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fún ẹni tí ò lówó ní lọ́yà ọ̀fẹ́, èyí tó wà l'Ábẹ́òkúta ni mo jókòó sí, ní December 2024, ẹsẹ̀ òsì mi nínú POP láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Owó àga méjì ni mo san nínú ọkọ̀ láti Ṣàgámù gba Sìún débẹ̀, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ náà. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń tún ọ̀rọ̀ tí màá sọ tò nínú ọkàn mi. “Èló ló ń wọlé” kò sí lára rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, Odògbolú ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé nínú ilé àwọn àna mi. Ọdún 12 ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé ìwé aládàáni kan, títí owó ilé ìwé fi di ohun tí àwọn òbí ò rí san mọ́, tí wọ́n ní kí àwọn kan nínú wa lọ sinmi. Ọkọ mi ti kú ṣáájú ìgbà yẹn. Ìyá ọkọ mi ló fà mí wọ iṣẹ́ gaàrí. Ẹni tó bá rò pé gaàrí Ìjẹ̀bú rọrùn, kó wá bá wa bẹ pákí lọ́jọ́ kan. Ẹ ó bẹ ẹ́, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó gbé e lọ rìn, ẹ ó dì í sápò, ẹ ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa, torí kíkan yẹn gan-an ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ lọ́jà. Ẹ ó fún omi rẹ̀, ẹ ó sẹ́ ẹ, ẹ ó wá jókòó ti agbada lórí iná igi tí èéfín ń fọ́ yín lójú. Etí títì márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin ni mo ti ń tà á, ní ìyànà Odògbolú, ní kóńgò fún ẹni tó ń kọjá, ní àpò fún àwọn tó ń rà á lọ Èkó.

Àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan ní October ni. Òjò ti rọ̀ lóru mọ́jú. Típà kan tó kó yanrìn ń fi ẹ̀yìn bọ̀, ọmọ ọkọ̀ tó yẹ kó máa pariwo “máa bọ̀, máa bọ̀” wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Típà gbá tábìlì, tábìlì gbá mi, mo ṣubú, ẹsẹ̀ mi há sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo rántí jù kì í ṣe ìrora. Àpò gaàrí méjì ló tú dà sínú omi òjò lójú títì. Mo sùn gbalaja síbẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń wú tó ń di ẹ̀bà lójú mi, mo sì ń ṣírò iye kóńgò tó bá a lọ.

Ọjọ́ kẹfà ni àwọn méjì wá bá mi nílé ìwòsàn láti ilé iṣẹ́ tó ni típà. Wọ́n kí mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n gbé ọsàn wá nínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n sì gbé ₦50,000 sórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa bébà kan yọ, pé kí n fọwọ́ sí i, pé kí wọ́n kàn lè rí nǹkan fi sí fáìlì ni. Bùọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti ń na bíírò sí mi. Àwọn ọkùnrin yẹn ò mọ̀ pé tíṣà lónígaàrí yìí. Mo kà á. Ìlà kẹrin ní owó yìí ni àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn tí màá gbà, àti pé mi ò ní í bi ilé iṣẹ́ náà léèrè nǹkan kan mọ́ láé lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí. Dókítà sì ti sọ pé eegun náà lè nílò irin, owó irin náà sì ju ₦50,000 lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Wọ́n mú owó wọn, wọ́n lọ. Wọ́n fi ọsàn sílẹ̀.

Bùọ̀dá bínú sí mi títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n ní ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ ni mo jẹ́ kó fò. Síbẹ̀ àwọn náà ló mú mi lọ bá lọ́yà kan n'Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ní ká kọ́kọ́ mú ₦200,000 wá kí òun tó ṣí fáìlì. Mi ò bá a jà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àmọ́ ₦200,000 wo?

Nọ́ọ̀sì kan tí mo kọ́ ní Primary 4 ló sọ̀rọ̀ Legal Aid fún mi. “Tíṣà, ọ̀fẹ́ ni o.” Mo ní ṣebí àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n ń gbèjà. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé láti 1976 ni ìjọba ti dá Legal Aid sílẹ̀, òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé báyìí sì jẹ́ ti 2011. Lóòótọ́, ẹjọ́ ọ̀daràn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn: ìpànìyàn, olè jíjà, ìdigunjalè, ìfipábánilòpọ̀, ìjà tó dọ́gbẹ́. Àmọ́ òfin náà tún ka ẹjọ́ owó gbà-má-bínú lórí ìjàǹbá mọ́ ọn, àti ẹjọ́ ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú mọ́lẹ̀, irú ẹ̀tọ́ tó wà nínú Orí Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà. Ẹjọ́ típà tó gbá mi wà lára ohun tí òfin náà kà sílẹ̀, ní tààràtà. Ìyá kan tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ yẹn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn ló gbé wá, wọ́n ní ìyẹn ò sí lára ohun tí òfin kà sílẹ̀ fún àwọn láti gbé lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ àwọn lè pe tọ̀tún tòsì jókòó kí wọ́n bá wọn parí ẹ̀. Ìyá náà ní àwọn ti jókòó tó láti 1998.

Ẹ̀rù kan wà lára mi tí mi ò sọ fún nọ́ọ̀sì. Orúkọ mi wà nínú ìwé àwọn tálákà.

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n wá sí àdúgbò wa láti kọ orúkọ àwọn tí nǹkan le fún jù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á pe ará àdúgbò jọ, ará àdúgbò fúnra wọn ni yóò dárúkọ ilé tí wọ́n mọ̀ pé ó ń jìyà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á béèrè iye ọmọ, irú òrùlé, irú ṣáláńgá, ohun tí ẹ fi ń dáná. Ibi tí orúkọ náà ń lọ ni wọ́n ń pè ní National Social Register. Ìyá ọkọ mi ló nawọ́ sókè láàárín èrò, wọ́n ní, “Ìyàwó mi ńkọ́? Opó ni, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.” Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi rójú kí wọn bó ṣe yẹ. Ní gbangba! Ní Odògbolú! Àwọn tí a jọ ń kọrin nínú kúáyà jókòó níbẹ̀.

Ní October 2023, ìjọba àpapọ̀ ní ìdílé mílíọ̀nù 15 yóò máa gba ₦25,000, lẹ́ẹ̀mẹta. Ní December, fóònù mi dún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé tèmi ni. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni. Nígbà tó di January 2024 wọ́n dá ètò náà dúró, ìwádìí bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ohun tí à ń gbọ́ kò ju pé ká lọ so nọ́ńbà NIN mọ́ ọn lọ.

Ohun tí wọ́n ń sọ lágbègbè wa ni pé ẹni tó bá ti gba owó ìjọba, ìjọba ti ṣe tiẹ̀ fún un, kò lè tún gba lọ́yà ìjọba. Àwọn kan tún yí i dà: wọ́n ní tí o bá lọ gba lọ́yà ọ̀fẹ́, wọ́n á tú àkáǹtì ẹ wò, tí wọ́n bá rí nǹkan níbẹ̀, wọ́n á yọ ẹ́ kúrò nínú ìwé tálákà. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo kàn gbà á gbọ́ ni. Mo pinnu láàárín Ṣàgámù sí Sìún pé mi ò ní í dárúkọ ₦25,000 náà, mi ò sì ní í dárúkọ àjọ.

Àjọ yẹn gan-an ni wàhálà. Obìnrin 24 ni wá, ẹni kọ̀ọ̀kan ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀. Nítorí pé mo mọ̀wé, èmi ni wọ́n ní kí n máa gbà á, àkáǹtì tèmi sì ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí kí ẹni tó kàn tó kó o. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦120,000 lọ́sẹ̀ kan. Láàárín ọdún kan, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà náírà tó wọ orúkọ mi tó sì jáde, mi ò sì ní ju ₦5,000 lọ nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin yẹn béèrè èló ló ń wọlé, mo ní, “Kò sí nǹkan kan.” Àgùnbánirọ̀ ni, lọ́yà kékeré tó ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n pọ̀ nínú irú wọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Legal Aid. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣí statement báǹkì tí wọ́n ti ní kí n mú wá, December 2023 títí dé November 2024. Ó fi bíírò tọ́ ìlà kan: ₦25,000. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ìkẹta, ìkẹrin, bíírò náà ń sáré sọ̀ kalẹ̀. “Mà, gbogbo èyí ńkọ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo ní àjọ ni. Ó ní àjọ wo. Mo ní àjọ àwọn obìnrin ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ọ létí ara mi bí irọ́. Ẹni tó ti kọ́kọ́ sọ pé kò sí nǹkan kan, ta ló máa gbọ́ àlàyé kejì lẹ́nu rẹ̀?

Ó tún wá gbé fóònù rẹ̀ sókè. Ó ti fi orúkọ mi wá mi lórí Facebook nígbà tí mo ń sinmi lórí bẹ́ńṣì. “Ṣé ẹ̀yin nìyí?” Èmi nìyẹn lóòótọ́. Ojúde Ọba 2024, ọjọ́ kẹta Iléyá, èmi àti Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, n'Ìjẹ̀bú-Òde: léèsì aláwọ̀ òfèéfèé, gèlè tó ga bí òrùlé, iyùn méjì lọ́rùn, dígí dúdú lójú, báàgì wúrà lápá. Mo dúró bí ẹni tó ni báǹkì. Wọ́n ní kí òyìnbó tó gbé owó dé ni Ìjẹ̀bú ti ń náwó. Ẹni tó bá wo fọ́tò yẹn á gbà pé èmi ni wọ́n ń sọ.

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo wá sọ fún ọmọ náà bó ṣe rí. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi san owó léèsì, díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó Bùọ̀dá ni mo ti yá iyùn, mo dá a padà lálẹ́ ọjọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Àbúrò mi tó wà ní London ló gbàgbé báàgì sílé nígbà tó wá sìnkú bàbá wa. Dígí nìkan ni tèmi, ₦1,500, Òkè-Àjẹ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá wọn fi jáde síta wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá náà ti dàgbà díẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n fà àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, “Ìyá, fọ́tò kì í ṣe owó oṣù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń wá. Òfin 2011 ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà lọ ni Legal Aid wà fún. Kò sọ pé kó má ní aṣọ. Kò sì sọ níbì kankan pé kí ẹni tó gba owó ìrànwọ́ má wá. ₦25,000 tí mo ń fi pamọ́ bí ẹni tó jí i, wọ́n ní kì í ṣe owó oṣù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọlé, bí wọ́n bá tiẹ̀ rò ó mọ́ tèmi kò lè gbé mi kọjá ìlà. Wọ́n ní orúkọ mi tó wà nínú ìwé yẹn ń ràn mí lọ́wọ́ ni, torí ó fi hàn pé ẹlòmíràn ti wo ilé mi rí kó tó di pé mo wá síbí.

Wọ́n wá fà bébà funfun kan sílẹ̀, a jọ ṣírò gaàrí mi bó ṣe rí kí típà tó dé. Ibí yìí ló yẹ kí ẹni tó bá ń tajà fetí sí, torí ibẹ̀ ni èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjà tí mò ń tà lóṣù tó bíi ₦310,000. Ká ní iye yẹn ni mo pè lẹ́nu, wọ́n ì bá ní kí n máa lọ sílé. Àmọ́ pákí nìkan kó ₦180,000 níbẹ̀. Rírìn àti fífún, ₦24,000. Igi ìdáná, ₦22,000. Àpò àti owó ọkọ̀, ₦18,000. Ọmọ tó ń bá mi yan án, ₦24,000. Ohun tó kù, ₦42,000. Ọdún kejì ni mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí, mi ò ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Tíṣà! Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo ₦42,000 tí wọ́n fi ìlà méjì sí nídìí, ó dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ.

Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà yẹn jẹ́ ₦70,000. July 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbà láti san ₦77,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni òfin yìí ń wò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé títí di July yẹn, ₦30,000 ni. Obìnrin tó ń jèrè ₦42,000 bíi tèmi, tí ọkọ̀ bá gbá a ní May, ó ti lówó jù nìyẹn! Ọ̀gá ní òfin fún wọn láyè láti ran ẹni tó kọjá ìlà lọ́wọ́ bí ọ̀ràn rẹ̀ bá ṣe àrà ọ̀tọ̀, àmọ́ wọn kì í lò ó bí ẹni ń lo iyọ̀. Ní tèmi, láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ti kán, agbada ò tíì gbóná. Òdo ló ń wọlé.

Ti àjọ ló kù. Wọ́n ní kí n padà wá pẹ̀lú ẹ̀rí. Ìwé àjọ mi wà nílé, ìwé aláwọ̀ pupa tí mo fi rúlà fa ìlà sí, orúkọ àwọn 24 lápá òsì, ọ̀sẹ̀ lókè, bíírò búlúù fún ẹni tó ti dá, pupa fún ẹni tó ti kó. Mo lọ fi í hàn pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ṣetán láti jẹ́rìí. Ọjọ́ tí kálukú kó tirẹ̀ nínú ìwé pupa bá ọjọ́ tí owó jáde nínú statement mu, ọjọ́ dé ọjọ́. Ọmọ àgùnbánirọ̀ yẹn fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò rí irú àkọsílẹ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ míì. Mo ní ṣebí mo sọ fún un pé tíṣà ni mí.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ búra ní kọ́ọ̀tù n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwé ìbúra tí gbogbo ayé ń pè ní affidavit, ojú ìwé kan ààbọ̀. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ló kà á sókè kí n tó fọwọ́ sí i, ohùn ọkùnrin náà sì lọ sókè bí ti oníwàásù: pé opó ni mí, pé mi ò ní ilé, pé mi ò ní ilẹ̀, pé mi ò ní ọkọ̀, pé orúkọ mi wà nínú ìwé àwọn tí ìjọba ń ṣèrànwọ́ fún, pé owó tó ń kọjá nínú àkáǹtì mi kì í ṣe tèmi. Èèyàn bíi mẹ́wàá ló wà lórí ìlà lẹ́yìn mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi ni. Ó fojú wo òrùlé. Èmi náà fojú wo òrùlé. Títí di òní, a ò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ohun tí òun náà wá búra lé lórí lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo ròyìn gbogbo èyí fún àbúrò mi ní London, ó ní tiwọn náà ò rọrùn. Òun àti ọkọ tó ń lù ú ti pínyà, ẹjọ́ lórí àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀. Universal Credit ló ń gbà, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ibẹ̀ ń fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Èrò rẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti ń gba ìyẹn, lọ́yà ìjọba ti di tòun. Ààbọ̀ òótọ́ ni. Ní England, ẹni tó ń gba Universal Credit ti yege lápá owó tó ń wọlé, wọn ò tún ní í bi í nípa rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣì máa wo ohun tó ní nípamọ́. Èèyàn lè ní tó £16,000 ní báǹkì kó tó di pé Universal Credit pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ti lọ́yà, £8,000 ni òpin, ẹni tó bá sì ní ju £3,000 lọ máa fi díẹ̀ kún un. £4,000 ni tirẹ̀, owó tó ń kó jọ fún òrùlé ilé bàbá wa. Wọ́n ní kó mú èyí tó lé wá. Wọ́n tún bi í bóyá ó nílé tàbí ilẹ̀ níbikíbi, títí kan òkè òkun. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá wa, ìyẹn ló kó o yọ. Láti 2013, ẹjọ́ ọmọ láàárín tọkọtaya kò tiẹ̀ sí lára ohun tí wọ́n ń gbà mọ́ àyàfi tí ẹ̀rí bá wà pé ọkọ ń lù ú tàbí pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ. Lẹ́tà dókítà rẹ̀ ló gbà á. Mo ní ká ní ọ̀hún ni típà ti gbá mi ńkọ́? Ó ní ìyẹn ò sí nínú tiwọn rárá, pé àwọn lọ́yà aládàáni ló ń gbé irú ẹ̀ lórí àdéhùn pé tí wọn ò bá borí, ẹ ò san kọ́bọ̀.

Lọ́yà tí wọ́n yàn fún mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé, “Ta ló ni típà náà? Ṣé ti ìjọba ni?” Mo ní rárá, ilé iṣẹ́ aládàáni ni. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ká ní òṣìṣẹ́ ìjọba ló gbá mi lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ni òfin fún mi láti pè é lẹ́jọ́, èmi sì ti jẹ oṣù méjì tán lórí ọsàn àti ìbínú Bùọ̀dá. Ìbéèrè kejì: nọ́ńbà ọkọ̀. Ọmọ tó ń ta búrẹ́dì ló ti yà á sórí fóònù. Mo bọ̀wọ̀ fún ọmọ yẹn títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ọkọ̀ wà. Ìwé ọlọ́pàá, ìwé dókítà, rìsíìtì oògùn títí dórí ti owú àti sẹ́lótéèpù. Gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lójú pópó ní Nàìjíríà ni òfin ní kó ní ìwé ìbánigbófò fún ẹni tó bá gbá, èyí tí wọ́n ń pè ní third party. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bébà tí ọlọ́pàá fi ń dá ọkọ̀ dúró lásán ni. Lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbánigbófò. Wọn ò dáhùn. Ó gbé ìwé ẹjọ́ lọ sí High Court Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n dáhùn.

May 2025 la parí ẹ̀, kí adájọ́ tó gbọ́ ọ rárá. Bébà tí mo fọwọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí, lọ́yà mi ló kà á kí n tó kà á, ìlà kẹrin wà níbẹ̀ náà, àmọ́ iye tó wà lókè rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ₦50,000. Èló ni? Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti gbọ́ tó nípa owó mi nínú ìwé yìí. Ó tó fún irin tí wọ́n máa fi sí ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn Iléyá, ó sì tó ra àpò pákí díẹ̀.

Owó àjọ ti kúrò ní orúkọ mi. Àwa mẹ́ta la jọ lọ ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde. Àwọn obìnrin kan bínú, wọ́n ní ṣé mi ò fọkàn tán wọn mọ́ ni. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ó sú mi. Ìwé pupa náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ní June, mo lọ sí Ojúde Ọba. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti mú aṣọ tuntun, mi ò rà á, léèsì òfèéfèé ti ọdún tó kọjá ni mo wọ̀, mo sì fi ọ̀pá mi rìn láàárín wọn bí ìjòyè. Ẹni tí mo pàdé ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ ìbúra yẹn ló fún mi lápá tí mo dì mú nígbà tí ilẹ̀ ò tẹ́jú. Ọmọ kan tó gbé kámẹ́rà dúró níwájú wa, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n yà yín, ọ̀pá yẹn bá yín mu!” Mo tún gèlè ṣe, mo gbé àgbọ̀n sókè. Mo ní kó yà á o, àmọ́ kó má gbé e sórí Facebook.

Kí n tó dé Odògbolú, ó ti wà níbẹ̀.